Ọmọ Alákàrà Kọ́ Kéèkì

Ní ilé wa, kò sí ohun tó ń jẹ́ àpòjù. Bí ẹ̀wà bá ti dé láti ibi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, inú odó ni ìyá mi máa ń dà á sí, àwa ọmọ á sì máa fi ọmọ odó pò ó títí apá yóò fi máa ro wá. Tá a bá ní, "Màámi, ó ti tó," á ki ìka bọ̀ ọ́, á já díẹ̀ sínú abọ́ omi. Tó bá rì, ẹ máa pò ó lọ. Tó bá léfòó, ẹ gbé epo kaná. Afẹ́fẹ́ ló ń wá níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé àkàrà tí kò bá jìyà nínú odó, ẹni tó bá rà á ló máa jìyà.

Mọ̀kọ́lá ló ti ń tà á, n'Ìbàdàn, láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì títí tí orúnkún fi ní kó lọ jókòó. Owó àkàrà yẹn ló rán èmi àti àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì níwèé. Nígbà tó wá ku oṣù mẹ́ta kó pé ẹni 70 ọdún, tí ẹbí jókòó láti pín iṣẹ́, ẹnì kan gba kánópì, ẹnì kan gba aṣọ, ẹnì kan gba màlúù. Wọ́n dé orí kéèkì, ẹnu mi ló yá.

"Èmi ni màá ṣe kéèkì Màámi."

Àbúrò mi kékeré wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin kẹ̀? Àǹtí mi, ṣé ẹ ti ṣe kéèkì rí ni?"

"Mi ò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ọmọ alákàrà ni mí."

Mi ò fẹ́ kéèkì ńlá. Kéèkì alájà mẹ́ta tí wọ́n ń gé lóde àríyá, mo ti rí òpin rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á gé e, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e wọlé. Kí àwọn tó wà lábẹ́ kánópì tó béèrè tiwọn, ó ti wọ bùùtù ọkọ̀ ẹnì kan. Èyí tó máa kan oníkálukú lọ́wọ́ ni mo fẹ́, èyí tí ìyá mi lè fi ìka méjì mú láìsí pé à ń wá ọ̀bẹ kiri: kọ́ọ̀pù kéèkì. Mo sì fẹ́ kó ní nǹkan nínú. Mo ti jẹ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan. Bí mo ṣe gé e jẹ, ohun tútù kan yọ sí mi lẹ́nu láàárín rẹ̀, inú mi sì dùn bíi ti ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹyin nínú moínmóín.

Ẹni tó kọ́ mi, ọmọ ọdún 26 ni. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, ilé rẹ̀ ló ti ń ṣe kéèkì tà, kò sì sí ọjọ́ tó rí mi tí kì í kúnlẹ̀ kí mi. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé ìdáná rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bọ́ òrùka yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní ọ̀gá. Ó bẹ̀ mí títí kí n má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, mi ò gbà. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ àkàrà lọ́dọ̀ ìyá mi, òmíràn jù ú lọ́jọ́ orí, ọ̀gá náà ni wọ́n ń pè é.

Bọ́tà àti ṣúgà ni a fi bẹ̀rẹ̀: 250 gíráàmù bọ́tà, 250 gíráàmù ṣúgà, lórí òṣùwọ̀n kékeré kan tó ń fi iná kọ nọ́ńbà. Mo béèrè pé ṣé a ò lè fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ó ní, "Fúláwà tẹ́ ẹ kì mọ́nú agolo àti èyí tẹ́ ẹ rọra bù, wọn ò lè dọ́gba láéláé, mà." Ó ní mísà oníná, ṣùgbọ́n wọ́n ti múná lọ, ló bá kó abọ́ ńlá àti ṣíbí onígi lé mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni orí mi ti wú. Mo po bọ́tà náà bí ẹni ń po ẹ̀wà. Níbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pupa bíi pupa ẹyin, ṣúgà sì ń dún lábẹ́ ṣíbí bí iyanrìn. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ń funfun bọ̀, ó wú, ó fúyẹ́ bí òwú. Ọ̀gá mi fi orí ṣíbí kàn án, ó mi orí. "Ẹ̀rọ mi ò lè ṣe jù báyìí lọ, mà."

Ìdí rẹ̀ ò ju èyí tí mo ti mọ̀ lójú odó. Wóró ṣúgà, bó ṣe ń ha bọ́tà, ihò tín-tìn-tín ló ń gbẹ́ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń wọ ihò náà. Afẹ́fẹ́ yẹn ni iná yóò wá fẹ̀ nínú ófùn. Mo sọ nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ yìí ti tán.

Ẹyin márùn-ún tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì o, nítorí òtútù rẹ̀ máa ń mú kí bọ́tà dì, kí gbogbo rẹ̀ sì ya bíi mílíìkì tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni fúláwà: 250 gíráàmù, ṣíbí tíì méjì békìn páódà, iyọ̀ díẹ̀, nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí a rin sí i. "Ẹ rọra yí i pọ̀, mà. Tẹ́ ò bá ti rí funfun fúláwà mọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Mo gbọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́. Fúláwà pòórá, ọwọ́ ń lọ. Kí ọ̀gá mi tó yíjú padà láti ibi ófùn, mo ti gbá abọ́ mọ́ ikùn, mo ń pò ó bí ẹni tí àwọn oníbàárà ti tò dúró dè láti aago mẹ́fà àárọ̀.

"Háà, mà! Ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀!"

Kò bínú. Ó ní ká yan án bẹ́ẹ̀ ká rí i. Méjìlá tó jáde, orí gbogbo wọn ló ṣe ṣóńṣó. Ó bu ọ̀kan sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn mí: ihò gbọọrọ-gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ọ̀nà ikán nínú igi. Mo gé e jẹ, ó ń fà. Kéèkì wá ń fà bíi búrẹ́dì Agége!

Ẹ̀wà kò ní ohun tó ń fà nínú. Ẹ pò ó di ọ̀la, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbà. Àlìkámà inú fúláwà ò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí omi bá ti kàn án, tí ọwọ́ sì ń rò ó, ṣe ló ń so kọ́ra bí okùn, á wá máa fà bíi gọ́ọ̀mù. Àwọn oníbúrẹ́dì ń fi gbogbo agbára wá a, nítorí òun ló ń gbé búrẹ́dì dúró. Oníkéèkì ń sá fún un. Ọwọ́ tí mo fi ń yangàn náà ló ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Tèmi tàn mí.

Sátidé mẹ́ta gbáko ló gbà kí n tó lè dá a dúró. Ọ̀gá mi ní kí n máa kà á sókè. Ṣíbí onírọ́bà lọ sí ìsàlẹ̀, ó gbé tìsàlẹ̀ wá sókè, mo yí abọ́ díẹ̀: ení. Èjì. Ẹ̀ta. Bó bá ti di ẹ̀ẹ́dógún, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Mo sì ń nà án sókè lóòótọ́. Ọmọ mi obìnrin tó bá mi lọ lọ́sẹ̀ kejì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni kókó fúláwà kéékèèké tí mo ṣì ń rí nínú abọ́, tí gbogbo ara mi ń sọ pé kí n fọ́. Ọ̀gá mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé iná yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ohun inú ló wá kàn. Èrò mi ni pé bí a ṣe ń ṣe moínmóín ẹlẹ́mìí méje náà la ó ṣe ṣe é: ká da díẹ̀ sínú bébà, ká fi jáàmù lé e, ká da ìyókù bò ó, ká gbé e sí ófùn. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ó ní kí n ṣe é wò. Ọmọ yẹn mọ ibi tó yẹ kó ti jẹ́ kí n ṣubú. Jáàmù wúwo ju kéèkì tútù lọ. Kí kéèkì tó dì, ó ti rì dé ìdí, ó kan páànù, ó hó, ó jó mọ́ bébà. Mẹ́ta nínú méjìlá gba òkè bì í jáde. Ẹyin inú moínmóín kì í yọ́, ohun tí mo gbàgbé nìyẹn.

Yíyan ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, kí kéèkì tutù dé inú, kì í ṣe òde nìkan, nítorí èyí tó bá ṣì gbóná yóò yọ́ ohunkóhun tí a bá rọ sí i, ooru rẹ̀ á sì mú kí bébà ṣí kúrò lára rẹ̀. Nígbà náà ni a ó mú ọ̀bẹ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, a ó tì í bọ àárín orí kéèkì ní ìdagun, a ó yí i po bí ẹni tó ń yọ ibi tó bàjẹ́ lára ọ̀dùnkún. Ohun tó máa jáde jọ òkòtó gan-an, òkè rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. A ó gé ìdí òkòtó yẹn jẹ (ẹ̀tọ́ ọmọṣẹ́ ni), a ó rọ ohun inú sí ihò, a ó wá fi òkè rẹ̀ dé e padà bí ìdérí ìkòkò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ò ní rí ojú ọ̀bẹ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gé òkòtó náà ni mo rántí àwọn ìyá alákàrà Bahia ní Bùràsíìlì. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà tiwọn, àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló gbé e débẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń là á láàárín, tí wọ́n á fi vatapá sí i, ọbẹ̀ kíki kan tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, wàrà àgbọn àti epo pupa sè, wọ́n á sì fi ata lé e. Ní ọdún 2005, ìjọba ibẹ̀ kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin yẹn sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Mo fi fọ́tò acarajé han ìyá mi lórí fóònù. Ó gbé e súnmọ́ ojú. "Epo pupa ni wọ́n fi dín in?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Wọ́n gbọ́n," ló wí, ó dá fóònù mi padà.

Ìyá mi kì í jẹ jáàmù, ó ní dídùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kọ́sítáádì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo bá mú. Agolo kọ́sítáádì àti agolo békìn páódà máa ń dúró pọ̀ lórí tábìlì ọ̀gá mi, mi ò mọ̀ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n títí mo fi kà nípa Alfred Bird, oníṣòwò egbòogi kan ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara ìyàwó rẹ̀ kò gba ẹyin, kò sì gba ìwúkàrà. Ẹyin ni wọ́n sì fi ń se kọ́sítáádì láyé ìgbà náà. Ní 1837, ọkùnrin yìí fi ìyẹ̀fun àgbàdo rọ́pò ẹyin kí aya rẹ̀ lè rí i jẹ. Nígbà tó di 1843, ó tún po békìn páódà tirẹ̀, kí búrẹ́dì obìnrin náà lè wú láìsí ìwúkàrà. Mo ka ìtàn yìí sókè fún ọkọ mi. Ó ní òun náà ń sanwó gáàsì.

Kọ́sítáádì tí a fẹ́ rọ sínú kéèkì gbọ́dọ̀ ki ju èyí tí à ń mu lọ. Mílíìkì ìdajì lítà, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin kọ́sítáádì tó ga lórí, ṣúgà díẹ̀, bọ́tà bí orí àtàǹpàkò lẹ́yìn tí a bá gbé e kúrò lórí iná. A ó fi nylon bo ojú rẹ̀ kí ó kàn án típẹ́típẹ́, kó má baà ní awọ. Mo sè é nílé mi ní alẹ́ Fúráìdé kan, ó ki tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí dá dúró nínú rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ọmọ mi tọ́ ọ wò. Mo tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sùn. Ṣíbí kan náà ni gbogbo wa ń kì bọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí nylon, omi ni mo bá.

Mi ò lè pe ọ̀gá mi ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ìyá mi ni mo pè, mo sì purọ́ díẹ̀.

"Màámi, ẹ̀kọ tí mo sè lánàá ló domi."

"Ta ló fi ṣíbí ẹnu kàn án?"

Mi ò rí èsì fún un. Ó ní, "Ẹ̀kọ tí itọ́ bá ti kàn, ó ti tán nìyẹn. Kán an sí àtẹ́lẹwọ́, kó o fi ahọ́n lá a. Ìgbà wo lo rí èmi tí mo ń ki ṣíbí ẹnu bọ ìkòkò?"

Òótọ́ ni. Gbogbo ẹni tó ti fi ṣíbí mu ẹ̀kọ gbígbóná rí ló mọ̀ pé kó tó kan ìdí kọ́ọ̀pù, ó ti ń ṣàn. Ohun kan wà nínú itọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í da oúnjẹ bí àgbàdo nínú ìkòkò gan-an gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dà á lẹ́nu. Àgbàdo kan náà ló wà nínú agolo òyìnbó yẹn. Látọjọ́ yẹn, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń tọ́ ọ wò.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà fi ojú mi rí nǹkan. Mo gé tútù sínú kọ́sítáádì, nígbà tó di ọ̀sán ó ti ń korò, ó sì ń dẹ̀. Ọ̀gá mi ní ohun tó máa ń ta ahọ́n nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń jẹ mílíìkì inú kọ́sítáádì run, iná nìkan ló sì lè pa á. Kí n gé e wẹ́wẹ́, kí n sè é pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kó tutù, kí n tó pò ó mọ́ ọn. Ó yanjú.

Ti ófùn kò pọ̀ lẹ́nu mi. Kéèkì ò gbọdọ̀ kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta bébà, ófùn á ti gbóná dé 180 kó tó wọlé, a ò gbọdọ̀ ṣí i kó tó tó ìṣẹ́jú 15, igi ìgbálẹ̀ tí a fọ̀ mọ́ ló sì ń sọ bóyá ó ti jiná. Ẹ̀yìn ófùn tèmi gbóná ju iwájú rẹ̀ lọ, torí náà mo máa ń yí páànù lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 yẹn.

Oṣù Èrèlé ni ọjọ́ ìbí bọ́ sí. Ẹni tó bá mọ oòrùn Ìbàdàn ní Èrèlé ò ní bá mi sọ̀rọ̀ áísìn bọ́tà. Ọ̀gá mi fẹ́ ká fi òdòdó ṣe é lórí, mo ní kó jẹ́ ká fi ìyẹ̀fun ṣúgà wọ́n ọn lásán. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọmọṣẹ́ borí ọ̀gá nìyẹn. Mo ra bébà àti gbogbo èlò l'Agbeni. Láàárín ọ̀sán Fúráìdé sí alẹ́, mo yan páànù oníhò méjìlá lẹ́ẹ̀meje: 84. Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́rin péré ló bàjẹ́, àwọn ọmọ ilé sì ti ń dúró de ìbàjẹ́ wọn láti ìrọ̀lẹ́.

Mi ò rọ nǹkan kan sí wọn lálẹ́, nítorí ohun tó ní mílíìkì kì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú ooru. Aago márùn-ún ìdájí ni ọ̀gá mi kan ilẹ̀kùn. Ó ń gé òkòtó, mo ń rọ kọ́sítáádì, ọmọ mi ń dé e, ó sì ń tò wọ́n sínú kúlà tí a fi yìnyín sí ìdí rẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó ku díẹ̀, ọ̀gá mi gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó kán kọ́sítáádì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó lá a. Mo wò ó. Ó ní, "Ọwọ́ yín ni mo wò kọ́ ọ, mà."

Lábẹ́ kánópì, èmi fúnra mi ni mo gbé ti ìyá mi lọ fún un, lórí àwo kékeré, lẹ́yìn ìrẹsì, kí àwọn onílù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ìka méjì mú un. Ó tẹ̀ ẹ́ lára díẹ̀, bó ṣe máa ń tẹ àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú epo, ó sì wò bó ṣe ń wú padà. Ó gé e jẹ. Ó dúró. Ó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, ó wo ihò inú rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ètè gba èyí tó fẹ́ kán sí aṣọ.

"Ṣé ẹ̀kọ tó o pè mí sí lọ́jọ́sí nìyí?"

"Òun ni, mà."

"O wá lọ fi í sínú àkàrà."

Ó nu ẹnu, ó na àwo sí mi. "Bá mi mú ìkejì wá."